Òní Jẹ́ Àná Pẹ̀lú Ìjẹta

Aago mọ́kànlá alẹ́ ti kọjá, iná ò sí, mo gbé fóònù ti ìkòkò kí tọ́ọ̀ṣì ẹ̀ lè tàn sísàlẹ̀, mo wá jókòó sórí àpótí ní kíṣìnnì pẹ̀lú ọ̀pẹ òyìnbó kan láàárín itan mi, máákà dúdú lọ́wọ́, mò ń kọ nọ́ńbà sí i lára, ojú kan nọ́ńbà kan. Ìyàwó mi yọjú. Ó wò mí, ó wo ọ̀pẹ òyìnbó, ó ní, "Bàbá Ìbejì, ṣé kò sí o?" Mo ní kò sí nǹkan kan, mò ń ka ojú ẹ̀ ni. Ó ní ṣé tí n bá kà á tán ó máa di méjì ni, ó bá tiẹ̀ lọ.

Ìyá kan tó ń ta páínápù ní kọ́nà àdúgbò wa ló fà á. (Mo mọ̀ pé ọ̀pẹ òyìnbó lorúkọ ẹ̀, àmọ́ ẹ lọ pè é bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá yẹn, ó máa bi yín bóyá tísà ni yín.) Ọwọ́ ìyá yìí ni kí ẹ máa wò. Ó máa kọ́kọ́ bó èèpo kúrò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó wá ku àwọn ojú dúdú dúdú tó wọnú ẹran ara ẹ̀, kì í yọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan o, ṣe ló máa da ọ̀bẹ ní ìdàgẹ̀rẹ̀, á fà á láti òkè wá sísàlẹ̀ bó ṣe ń yí páínápù lọ́wọ́ òsì, kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ kan á jáde, gbogbo ojú tó wà lójú ọ̀nà yẹn á bá a lọ, á tún mú òmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Tó bá fi máa parí, páínápù yẹn á dà bí orí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ di ní ṣùkú. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé, "Ìyá, ta ló kọ́ yín báyìí?" Kò tiẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Ta ló fẹ́ kọ́ mi? Bí wọ́n ṣe tò ó náà ni mò ń tẹ̀ lé e."

Bí wọ́n ṣe tò ó. Ta ni "wọ́n"? Ọ̀rọ̀ yẹn ò jẹ́ kí n sùn lọ́jọ́ náà, ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi bá mi ní kíṣìnnì.

Ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò fúnra yín, ẹ má gba tèmi gbọ́. Ojú kọ̀ọ̀kan lára páínápù ní igun mẹ́fà, torí náà tẹ́ ẹ bá dúró lórí ẹyọ kan, ọ̀nà mẹ́ta ló gba ibẹ̀ kọjá. Ọ̀kan rọra ń gùn lọ bí ẹni tó ń gun òkè Olúmọ láti ẹ̀gbẹ́ tó tẹ́ jù. Ìkejì gba òdìkejì, òun ga sókè díẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìkẹta fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró ṣánṣán. Ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ń lọ́ bí ara òkòtó táwọn ọmọdé máa ń ta, torí náà ìlà òkòtó ni màá máa pè é. Ẹ wá ka iye ìlà òkòtó tó wà ní ọ̀nà kọ̀ọ̀kan títí tẹ́ ẹ fi yí i po padà síbi tẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Èyí tó rọra ń gùn, mo kọ́kọ́ rí 7. Inú mi bà jẹ́ díẹ̀ torí mo ti mọ ohun tí mò ń wá. Mo wò ó dáadáa, àṣé mo ti fo ìlà kan níbi tí àtàǹpàkò mi bò, mo tún un kà, 8. Òdìkejì ẹ̀, 13. Èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró ṣánṣán, mo ka ìyẹn lẹ́ẹ̀mẹrin kí n tó gbà, torí máákà ò dúró dáadáa lára nǹkan tó ń ṣomi: 21.

Mo mọ̀ wọ́n. 8, 13, 21. Tẹ́ ẹ bá ra páínápù kékeré, ó lè jẹ́ 5, 8, 13 lẹ máa bá níbẹ̀, agbo ilé kan náà ni.

Bí agbo ilé yìí ṣe ń bímọ rọrùn débi pé ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìṣirò lè ṣe é. Òní jẹ́ àná pẹ̀lú ìjẹta. Ó parí. Ẹ mú 1 àti 1, ẹ rò wọ́n pọ̀, 2. Èyí tó kẹ́yìn pẹ̀lú èyí tó ṣáájú ẹ̀, 3. Lẹ́yìn náà 5, 8, 13, 21, 34, 55, 89, 144, ó ń lọ, kò níbi tó ń dúró sí. Nọ́ńbà Fibonacci ni wọ́n ń pè wọ́n. Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín pé àwọn nǹkan tó jẹ́ pé àròpọ̀ nìkan ló bí wọn yìí, àwa ń fi ìyọkúrò pè wọ́n: 55, ẹ̀ẹ́ kọ́kọ́ lọ dé ọgọ́ta kẹ́ ẹ tó padà sẹ́yìn márùn-ún, márùndínlọ́gọ́ta. 89, ẹ̀ẹ́ dé àádọ́rùn-ún kẹ́ ẹ tó fa ọ̀kan yọ. Ká ní Yorùbá ló kọ́kọ́ to nọ́ńbà yìí ni, bóyá ibi tó máa gbà ni "ọ̀la láìsí òní, àná ló kù," ẹ rò ó wò, òótọ́ ni.

Ọjọ́ kejì ni mo mú kàlìkúlétọ̀ fún àwọn ìbejì. Mo ní kí Táyé mú nọ́ńbà kan, ó mú 3. Mo ní kí Kẹ́hìndé mú tiẹ̀, ó mú 10. Mo ní ó yá, ẹ máa rò ó bí mo ṣe sọ: 3, 10, 13, 23, 36, 59, 95, 154, 249, 403. Mo wá kọ nǹkan sínú bébà, mo ká a, mo fi sábẹ́ àwo. Mo ní kí wọ́n fi 249 pín 403. Ó fún wọn ní 1.618 àti àwọn ìjàǹjá tó tẹ̀ lé e. Wọ́n ṣí bébà, 1.618 ni mo kọ síbẹ̀. Kẹ́hìndé ní, "Dádì, ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, ojóoró ni." Wọ́n bá lọ mú 1 àti 100 kí n lè kùnà. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó balẹ̀, ó ń gbọ̀n sókè sódò bí ìwọ̀n tí wọ́n gbé ẹran lé, àmọ́ ìgbà tí wọ́n dé 2113 àti 3421, wọ́n pín in, 1.619, ó ti dé ẹnu ọ̀nà. Kò kan ohun tẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ṣáà ti ń ro àná mọ́ ìjẹta, ibì kan náà lẹ ń lọ.

Ibẹ̀ ni golden ratio, ìpín wúrà. Tẹ́ ẹ bá ní okùn 100 sẹ̀ǹtímítà, tẹ́ ẹ wá gé e sí 61.8 àti 38.2, bí odindi okùn ṣe ju èyí tó gùn lọ, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni èyí tó gùn ṣe ju èyí tó kúrú lọ. Kò sí ibòmíràn tẹ́ ẹ lè gé e sí tó máa rí bẹ́ẹ̀. Euclid, onímọ̀ ìṣirò ará Gíríìsì, ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní ohun tó lé ní ẹgbàá ọdún sẹ́yìn, wọn ò sì pè é ní wúrà rárá nígbà yẹn, orúkọ gbẹrẹfu kan tó jẹ mọ́ bí wọ́n ṣe gé ìlà ni wọ́n fún un. Ìgbà tó di 1835 ni ọ̀rọ̀ "wúrà" jáde nínú ìwé Martin Ohm, ará Jámánì (àbúrò Ohm tí wọ́n fi ń wọn iná mànàmáná). Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ló kó wa sí wàhálà, mò ń bọ̀ lórí ìyẹn.

Fibonacci fúnra ẹ̀ ńkọ́? Leonardo ará Pisa lorúkọ tó ń jẹ́, ní Ítálì. Bàbá ẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ àwọn oníṣòwò Pisa ní Bugia, ìlú tí wọ́n ń pè ní Béjaïa lónìí ní Àlgéríà, ó ní kí ọmọ òun wá bá òun níbẹ̀, níbẹ̀ lọmọ ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo nọ́ńbà 1 dé 9 àti òdo tí gbogbo wa ń lò báyìí. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi sọ́kàn, etí òkun Áfíríkà ló ti mọ̀ ọ́n. Ní 1202 ó kọ ìwé ńlá kan, Liber Abaci, ọ̀rọ̀ òwò àti ṣíṣẹ́ owó ló pọ̀ jù níbẹ̀, láàárín ẹ̀ ló ti da ìbéèrè ehoro sí i. Tọkọtaya ehoro kan, wọ́n máa ń bí tọkọtaya mìíràn lóṣooṣù, ọmọ tuntun á kọ́kọ́ dàgbà fún oṣù kan kó tó máa bí tiẹ̀, kò sí èyí tó ń kú: mélòó ni yóò wà lẹ́yìn ọdún kan? Tọkọtaya 377 ni. Ẹni tó bá ti sin ehoro rí máa mọ̀ pé bàbá yìí ò sin ehoro rí. Òun náà ò gbé nọ́ńbà yẹn gẹ̀gẹ̀, ó yanjú ẹ̀, ó kọjá lọ. Orúkọ "Fibonacci" gan-an, ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn ikú ẹ̀ ni wọ́n tó so ó mọ́ ọn lọ́rùn.

Àwọn tó kọ́kọ́ rí i ni mo fẹ́ràn jù, torí ìlù ló gbé wọn débẹ̀. Ní Íńdíà, àwọn ọ̀mọ̀wé ewì Sanskrit, èdè àtijọ́ wọn, ti ń ṣe é ṣáájú, ọ̀kan nínú wọn, Hemachandra, kọ ọ́ kedere ní nǹkan bíi 1150, kí wọ́n tó bí Leonardo pàápàá. Nínú ewì wọn, sílébù kan lè kúrú, ó gba ìlù kan, tàbí kó gùn, ó gba ìlù méjì. Wọ́n wá ń bi ara wọn pé: tí ìlà ewì bá ní ìlù mẹ́rin, ọ̀nà mélòó la lè gbà kún un? Ẹ jẹ́ ká fi ẹnu lù ú. "Kó" ni kíkúrú, "kóò" ni gígùn.

Kó kó kó kó.
Kó kó kóò.
Kó kóò kó.
Kóò kó kó.
Kóò kóò.

Márùn-ún. Ẹ ṣe ti ìlù mẹ́ta, mẹ́ta lẹ máa rí. Ti ìlù méjì, méjì. Ti ìlù márùn-ún, mẹ́jọ. Ẹ padà sí ti ìlù mẹ́rin, ẹ wo bó ṣe rí bẹ́ẹ̀: ìlà tó bá parí sí "kó," ohun tó ṣáájú ẹ̀ jẹ́ ìlù mẹ́ta, ọ̀nà mẹ́ta ló wà fún ìyẹn. Ìlà tó bá parí sí "kóò," ohun tó ṣáájú ẹ̀ jẹ́ ìlù méjì, ọ̀nà méjì. Mẹ́ta pẹ̀lú méjì. Àná pẹ̀lú ìjẹta. Mo ta á fún ọ̀rẹ́ mi kan tó ń lu dùndún, ó gbọ́ ọ parí, ó ní, "Ìwọ ń kà á, àwa ń lù ú," ó sì ní kí n ra bíà.

Ẹ jẹ́ ká padà sínú oko. Oṣù tó kọjá mo lọ sábúlé, mo mú ẹfun dání. Tí wọ́n bá gé imọ̀ ọ̀pẹ, ìdí imọ̀ yẹn máa ń kù sára igi, ọ̀pẹ tí kò tíì dàgbà jù, tí àwọn ìdí imọ̀ yẹn ò tíì jábọ́, òun ni kẹ́ ẹ wá. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹfun sàmì sí i láti ìdí kan sí ìkejì, ìlà òkòtó kan, ìlà òkòtó méjì. Bàbá mi àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, dé láti ẹ̀yìn, ó dúró. Ó ní, "Ṣé o fẹ́ bọ ọ́ ni?" Ẹni tó bá rí ọkùnrin tó ń yí ọ̀pẹ po tòun ti ẹfun, tó ń ka nǹkan sẹ́nu, kí lẹ fẹ́ kó rò. Mo ṣàlàyé. Bàbá gba ẹfun lọ́wọ́ mi, ó ka apá kan, mo ka apá kejì. Tiẹ̀ jẹ́ 8. Tèmi jẹ́ 13. Ó ní ká ka èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, 8 àti 13 náà ni, àmọ́ òun ń lọ́ sí òdìkejì, bí ẹni pé dígí ni wọ́n fi dojú kọ ara wọn. Ó ní, "Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo ti ń gun ọ̀pẹ," ó dákẹ́, kò parí ọ̀rọ̀ ẹ̀.

Ọ̀pẹ ilé, ọ̀pẹ òyìnbó, wọn kì í ṣe ẹbí kan náà, páínápù wá láti Gúúsù Amẹ́ríkà, orúkọ la fi so wọ́n pọ̀. Ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ, ó jọ pé orí tó wé gèlè ewé ló wò, àmọ́ nǹkan tó jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ ló fọwọ́ bà.

Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú oko ọ̀pẹ ńlá mọ èyí dénú, wọ́n tiẹ̀ ń fi ṣe iṣẹ́. Tí wọ́n bá fẹ́ mọ ajílẹ̀ tí ọ̀pẹ nílò, imọ̀ kẹtàdínlógún ni wọ́n máa gé díẹ̀ lára ẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ ẹ̀kẹtàdínlógún láàárín gbogbo imọ̀ yẹn? Wọ́n á wá imọ̀ tuntun jù lọ tó ti ṣí tán, ìyẹn ni 1, èyí tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀ lórí ìlà òkòtó kan náà ni 9, èyí tó tún wà nísàlẹ̀ ìyẹn ni 17. Mẹ́jọ mẹ́jọ. Wọn ò ní láti ka gbogbo ẹ̀.

Kí ló wá dé tó jẹ́ mẹ́jọ? Ibí yìí lọ̀rọ̀ ti dùn, ẹ fara balẹ̀ díẹ̀. Ní orí ọ̀pẹ, níbi tí ewé tuntun ti ń yọ, ẹyọ kọ̀ọ̀kan máa ń yà kúrò lọ́dọ̀ èyí tó ṣáájú ẹ̀ ní nǹkan bíi díígírì 137.5. Àyíká kan jẹ́ 360. Tẹ́ ẹ bá fi ìpín wúrà gé 360, apá tó kéré níbẹ̀ ni 137.5. Ẹ wá ṣe é lẹ́ẹ̀mẹjọ: 1,100 díígírì, ìyẹn jẹ́ àyíká mẹ́ta pẹ̀lú 20 lórí ẹ̀. Nítorí náà ewé kẹsàn-án á fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sórí àkọ́kọ́, àmọ́ ó yẹ̀ díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹtàlá: àyíká márùn-ún, ó ku 12.5 kó pé, ó yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Lẹ́ẹ̀mọ́kànlélógún: àyíká mẹ́jọ, ó fi 7.5 lé. Ó ń sún mọ́ ọn, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, kò sì ní bá a mu láé. Àwọn ìyẹ̀sẹ́gbẹ̀ẹ́ yẹn ni ojú wa ń rí bí ìlà òkòtó.

Ká ní ìdá kékeré kan ló ń yí ni, bí ìdajì, ewé kẹta á gun orí àkọ́kọ́ gan-an. Àgbàdo ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ lọ wò ó, ọ̀tún àti òsì nìkan lewé ẹ̀ máa ń dojú kọ. Ẹfinrin tún ní tiẹ̀, ewé méjì á kọjú síra, méjì tó tẹ̀ lé e á dábùú wọn, ìlà mẹ́rin péré. Gbogbo igi kọ́ ló ń tẹ̀ lé Fibonacci o, ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ fún yín ò tíì dé oko. Àmọ́ igi tó bá fẹ́ kó ewé púpọ̀ tàbí ojú púpọ̀ sí àyè kékeré láìjẹ́ kí ọ̀kan bo èkejì, ó nílò nọ́ńbà tí ìdá kankan ò lè mú dáadáa, nínú gbogbo nọ́ńbà, ìpín wúrà ló yọ̀ jù lọ́wọ́ ìdá. Òun lẹja àrọ̀.

Ẹ wá gbọ́, ọ̀pẹ ò mọ̀ọ́kà. Kò sí nọ́ńbà kankan nínú ẹ̀. Ewé tuntun tó ń yọ máa ń fa kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ auxin mọ́ra, ó ń gbà á lọ́wọ́ àyíká ẹ̀, ewé mìíràn ò wá lè yọ nítòsí ẹ̀, ó di dandan kó lọ yọ níbi tí àyè ti fẹ̀ jù. Ìyẹn nìkan ni òfin tó wà níbẹ̀: lọ síbi tí àyè wà. Ní 1992, àwọn onímọ̀ físíìsì méjì ní Faransé, Douady àti Couder, gbé abọ́ kan kalẹ̀, wọ́n bu epo sí i, wọ́n ń kán nǹkan olómi tó ní mágínẹ́ẹ̀tì sí àárín ẹ̀ ní ẹ̀kán-ẹ̀kán, ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan ń ti èkejì, mágínẹ́ẹ̀tì sì ń fà wọ́n lọ sétí abọ́. Kò sí ewé, kò sí ẹ̀mí, kò sí ohunkóhun tó ń jẹ́ igi. Bí wọ́n ṣe ń yára kán an sí i, àwọn ẹ̀kán yẹn to ara wọn sí ìlà òkòtó, nọ́ńbà Fibonacci. Mo ka ibẹ̀ yẹn, mo gbé fóònù sílẹ̀, mo jáde síta lọ dúró díẹ̀.

Torí ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyí. Èèyàn máa ń rò pé nǹkan tó bá rẹwà tó báyìí, ẹnì kan ti gbé rúlà tì í. Ìyá oní-páínápù ní "wọ́n" tò ó. Kò sí ẹni tó ń tò ó, olúkúlùkù kàn ń wá àyè tiẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ti débẹ̀ ṣáájú ni, ẹwà yẹn ń jáde lára ìyẹn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ràn láti sọ pé Ọlọ́run ló fi òfin yẹn síbẹ̀, mi ò bá yín jà, Ọlọ́run tó fi gbólóhùn kan ṣoṣo to gbogbo oko tóbi lójú mi ju èyí tó ń fi rúlà wọn ewé lọ.

Alan Turing, ẹni tí wọ́n mọ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ ewé àti òdòdó yìí wà lára ohun tó ń bá yí ní Manchester kó tó kú ní 1954, kò rí i parí. Ní 2012 ni wọ́n ní káwọn ará ìlú gbin sunflower ní ìrántí ẹ̀, kí wọ́n sì ka ìlà òkòtó tó wà níbẹ̀. Orí òdòdó 657 ni wọ́n rí gbà. Èyí tó pọ̀ jù tẹ̀ lé Fibonacci, 34, 55, 89 báyìí, àmọ́ àwọn kan kọ̀, wọ́n ní tiwọn. 

Wàyí o, ìjẹ́wọ́. Iṣẹ́ gíráfíìkì ni mò ń ṣe, mo ti fi ìpín wúrà lu èèyàn ní jìbìtì. Tí mo bá parí lógò kan, màá wá àwọn àyíká àti ìlà òkòtó tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ lé e lórí, màá fi ránṣẹ́ sí kọ́sítómà lórí WhatsApp, kó lè rí i pé iṣẹ́ olóye ni, owó á yàtọ̀. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé mo ti ya lógò tán kí n tó wá àyíká tó máa bá a mu. Ìlà òkòtó yẹn, tẹ́ ẹ bá fẹ̀ ẹ́ díẹ̀, tẹ́ ẹ yí i díẹ̀, tẹ́ ẹ fà á nípọn díẹ̀, kò sóhun tí kò ní bọ́ sábẹ́ ẹ̀, àga, ajá, ojú mínísítà.

Irú iṣẹ́ ọwọ́ mi yìí ló kún íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n á ní ìpín wúrà ni wọ́n fi kọ́ ilé òrìṣà Parthenon ní Gíríìsì, kò sí àkọsílẹ̀ kankan látọwọ́ àwọn tó kọ́ ọ tó sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n á ní òun náà ló wà nínú ọkùnrin tí da Vinci, ayàwòrán ará Ítálì, yà sínú àyíká, ohun tó kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán yẹn jẹ́ ìdá lásán-làsàn, kò dárúkọ ìpín wúrà. Ìkarahun nautilus tí wọ́n ń gbé káàkiri, ìyẹn máa ń tóbi ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta tó bá yí ẹ̀ẹ̀kan, ìlà òkòtó oníwúrà ń lọ sí nǹkan bí ìlọ́po méje, wọn ò jọra. George Markowsky, onímọ̀ ìṣirò kan ní Amẹ́ríkà, ti tú èyí tó pọ̀ nínú ẹ̀ palẹ̀ láti 1992, àmọ́ irọ́ tó ní wúrà lórúkọ kì í tètè kú. Káàdì ATM yín náà, wọ́n á ní oníwúrà ni. Mo gbé rúlà sí tèmi: 8.56 sẹ̀ǹtímítà sí 5.4, ẹ pín in, 1.585. Ó sún mọ́ ọn. Kì í ṣe òun. (Àmọ́ máìlì kan jẹ́ 1.609 kìlómítà, kò sí ìmùlẹ̀ kankan láàárín wọn, ó kàn bọ́ sí i ni, ẹ̀gbọ́n mi ní Ìlú Ọba wá ń fi Fibonacci ṣẹ́ ẹ nínú mọ́tò: máìlì 5 jẹ́ kìlómítà 8, máìlì 34 jẹ́ 55.)

Èyí tó dùn mí jù ni àwọn app tó ń wọn ojú èèyàn. Àbúrò ìyàwó mi gbé ojú ẹ̀ sí ọ̀kan, ó fún un ní 68 nínú 100, wọ́n ní àárín imú sí àgbọ̀n ẹ̀ ò bá 1.618 mu, ọmọ yẹn ò jẹun alẹ́. Inú bí mi. Mo ṣí fóònù, mo fi àwòrán àwọn ère idẹ Ifẹ̀ hàn án, pàápàá àwọn tí wọ́n hú jáde ní Ìta Yemòó ní 1957, ọba àti olorì. Mo ní wo orí wọn. Orí wọn tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin gíga ara wọn, bẹ́ẹ̀ orí àgbàlagbà gidi kò tó ìdá kan nínú méje. Ṣé àwọn tó dà á ò mọ̀ ọ́n wọ̀n ni? Ẹ wo ojú Ifẹ̀ yẹn kẹ́ ẹ tó sọ pé wọn ò mọ̀ ọ́n. Wọ́n mọ̀. Orí ni wọ́n fẹ́ gbé ga, torí orí lẹni, wọ́n gé ara kúrú fún un. App yẹn ì bá fún wọn ní òdo. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó lọ bu ìrẹsì.

Mi ò wá ìlà òkòtó lé lógò mọ́. Kọ́sítómà kan béèrè ẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní òun rí i lórí àwọn lógò ńláńlá, mo ní màá kúkú ra páínápù fún un.

Ìyẹn ló gbé mi padà sọ́dọ̀ ìyá náà. Mo dúró de ìgbà tí kò sí èrò, mo sọ fún un: "Ìyá, àwọn ìlà tẹ́ ẹ máa ń gbẹ́ yẹn, mẹ́jọ ni, lórí páínápù tó bá tóbi dáadáa. Ẹ bá gba òdìkejì, mẹ́tàlá." Ó dá ọ̀bẹ dúró. Ó yí èyí tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ po, ẹnu ẹ̀ ń mì, mo rí i pé ó ń kà. Ó dé ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, ó mi orí.

"Mẹ́jọ ni lóòótọ́. O ní mélòó ló tún wà níbẹ̀?"

"Mọ́kànlélógún, Ìyá. Àwọn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró ṣánṣán."

Ó wo gbogbo ọjà ẹ̀ tó tò sórí tábìlì, ó fọwọ́ kan èyí tó tóbi jù. "Ìyẹn ni pé òun ló níye lórí jù. Fi igba náírà lé owó àná."